Gbèsè Ni Ọ̀gá Àkọ́kọ́: Ìṣirò Àjò Iṣẹ́ Láti Ilésà

Àjò kì í ṣe tuntun sí Ìjẹ̀ṣà. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn Òṣómàáló á di aṣọ, wọ́n á gba ìlú onílùú lọ, wọ́n á tà á láwìn fún àgbẹ̀ àti ìyàwó àgbẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá kò, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, ó di ìgbà tí owó bá pé lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dìde. Olówó ló ń rìn nígbà náà, ajigbèsè ló wà nílé. Ti ìsinsìnyí ti yí padà. Ẹni tó ń ti Ilésà lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun ló gbé gbèsè rù, olówó rẹ̀ ló wà nílé tó lóṣòó dè é. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àjò kan á lérè, ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀: ta ló san owó ọ̀nà, èlé mélòó ló wà lórí rẹ̀, kí ni wọ́n sì fi dógò?

Ohun tó ń lé èèyàn jáde kò fara sin. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà dá iye rẹ̀. Dọ́là kan tí báńkì ń kọ sí nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 náírà, ó di 70,000 ní oṣù Keje 2024. Ẹ fi dọ́là wọ̀n ọ́n: 30,000 àtijọ́ tó bíi dọ́là 65, 70,000 tuntun kò tó 50. Wọ́n fi owó kún owó òṣìṣẹ́, owó náà sì tún dín.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ìyà ń jẹ jù ló ń lọ sí Ìlú Ọba. Ẹni tí kò ní nǹkan kan kò ní ohun tó lè fi dógò. Nọ́ọ̀sì ló ń lọ, olùkọ́ ló ń lọ, òṣìṣẹ́ báńkì, ẹni tí bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ méjì tó ṣeé tà. Àwọn tí kò ní ilẹ̀ láti tà ló ń gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, àbí kí ejẹ́ńtì “bá wọn san án” kó kó wọn lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Bí owó ọwọ́ ẹni bá ṣe tó ni ọ̀nà tó máa gbà ṣe máa rí.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Lẹ́yìn àrùn Kòrónà, àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba ò rí òṣìṣẹ́ mọ́, ìjọba wọn sì fi iṣẹ́ olùtọ́jú kún físà ìlera ní oṣù Kejì 2022. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, wọn ò gbà kí olùtọ́jú tuntun mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ yẹn mọ́ gbogbo ẹni tó bá ń ti ìlú rẹ̀ bọ̀. Bí ọdún mẹ́ta ààbọ̀ péré ni ilẹ̀kùn náà fi ṣí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta ìwé iṣẹ́ olùtọ́jú fún ẹni tó ṣì wà ní Òkèsà tàbí Ìṣọ́nà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òfìfo ló ń tà.

Ìwé tí wọ́n ń tà náà, CoS ni gbogbo èèyàn ń pè é. Nọ́ńbà ni, ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ńsì láti gba àjèjì síṣẹ́ ló ń gbé e jáde lórí kọ̀ǹpútà. Ó ń sọ irú iṣẹ́, iye wákàtí, owó ọdún àti àdírẹ́sì ibi iṣẹ́, a sì gbọ́dọ̀ fi wá físà láàárín oṣù mẹ́ta. Agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó san owó rẹ̀, kò sì bófin mu kó gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín 2022 sí 2024, ọjà ni wọ́n sọ ọ́ dà. Ejẹ́ńtì ní Ìlú Ọba gbà á, ejẹ́ńtì ní Èkó fi tirẹ̀ lé e, ti Ilésà tún bu díẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹnì kan tó rà á ní 8,000 pọ́n-ùn. Ká fi pọ́n-ùn kan sí 2,000 náírà kó lè rọrùn: mílíọ̀nù 16 náírà. Owó ọdún tí wọn ò gbọdọ̀ san kéré sí fún olùtọ́jú tó ní físà yìí láti oṣù Kẹrin 2025 jẹ́ 25,000 pọ́n-ùn. Bí owó orí àti owó ìdánilójú (National Insurance) bá ti kúrò níbẹ̀, nǹkan bí 1,793 ló kù lóṣù, a ò tíì yọ owó ìfẹ̀yìntì. Ká ní yàrá nínú ilé àjùmọ̀gbé, iná, oúnjẹ, ọkọ̀ àti fóònù gba 1,100, kí 200 lọ sọ́dọ̀ ìyá nílé. Ó ku 493. Ní ojú lásán, gbèsè á tán ní oṣù 16 tàbí 17. Ibi tí ìṣirò ejẹ́ńtì máa ń parí sí nìyẹn.

Wàyí o, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ olówó èlé ló ti yá mílíọ̀nù 16 náà, ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, èlé nìkan jẹ́ 800,000 náírà, ìyẹn 400 pọ́n-ùn. Nínú 493 tó kù, 93 péré ló kan ojú owó. Kí a tún wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn: ìwé sọ pé wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀, ọ̀gá ní 20 ni iṣẹ́ tó wà. Wákàtí 20 ní 12.82 pọ́n-ùn kò ju bí 1,090 lọ lóṣù lẹ́yìn owó orí. Kò tilẹ̀ tó ilé àti oúnjẹ. Gbèsè ò tíì jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, ìyá ò sì tíì rí nǹkan kan.

Kí ló ń fa wákàtí tó dín? Àwọn ilé-iṣẹ́ kan gba òṣìṣẹ́ ju arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú lọ, torí owó CoS ni wọ́n ń wò. Òmíràn, iṣẹ́ ilé-dé-ilé ni, ó ń fẹ́ ẹni tó lè wakọ̀. Láísẹ́ńsì Nàìjíríà ò ṣeé fi wakọ̀ níbẹ̀ ju oṣù 12 lọ lẹ́yìn téèyàn bá ti fìdí kalẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì yege ìdánwò tiwọn nígbà náà á gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ń san owó ìdajì wákàtí tí wọ́n fi wẹ arúgbó, wọn ò san owó ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi rìn láti ilé kan sí èkejì. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ níbẹ̀ sọ pé ó yẹ kí wọ́n ka àkókò ìrìn náà mọ́ iṣẹ́. Ta ni yóò wá fẹjọ́ sùn? Físà so òṣìṣẹ́ mọ́ agbanisíṣẹ́ tó fún un ní CoS. Bí ìjọba bá gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, 60 ọjọ́ ni wọ́n sábà ń fún òṣìṣẹ́ láti rí onígbọ̀wọ́ mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun síta lórí WhatsApp, ohun tó dì í lẹ́nu nìyẹn. Bí kò bá jẹ gbèsè, ì bá ti wálé.

Ìwádìí tó lè gba èèyàn sílẹ̀ kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ńsì wà lórí ìkànnì ìjọba Ìlú Ọba, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ wà ní Companies House, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà: ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn olùdarí rẹ̀, àti ìṣirò owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún kan, tí gbogbo owó rẹ̀ ò tó owó oṣù ẹni márùn-ún, tó ní òun fẹ́ gba èèyàn ogójì, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Nọ́ọ̀sì ò sí nínú ẹgbẹ́ yìí, ó sì yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n kò nílò kó ra ohunkóhun lọ́wọ́ ejẹ́ńtì. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ IELTS: 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ CBT, tó lè ṣe ní Nàìjíríà. Ìjẹ́rìísí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì nílé. Lẹ́yìn náà OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe tó jẹ́ pé Ìlú Ọba ló ti máa ṣe é, tí ilé ìwòsàn tó gbà á sì sábà ń bá a san owó rẹ̀ àti ti ọkọ̀ òfurufú. Owó ọdún nọ́ọ̀sì tuntun ní ilé ìwòsàn ìjọba wọn jẹ́ 31,049 pọ́n-ùn ní 2025. Kí ó sáà ka ibi tí àdéhùn ti sọ iye tó máa dá padà bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó pé. Nàìjíríà wà nínú orílẹ̀-èdè 55 tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí wọ́n má ṣe máa wá kó òṣìṣẹ́ ìlera wọn ní 2023, nítorí náà ejẹ́ńtì tó bá ń kiri Ilésà pé ilé ìwòsàn ìjọba Ìlú Ọba ló rán òun wá kó nọ́ọ̀sì, ẹ yẹra fún un. Nọ́ọ̀sì lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé wáṣẹ́.

Ọ̀nà akẹ́kọ̀ọ́ náà ọ̀nà iṣẹ́ ni, bí a bá máa sọ òótọ́. Ibi tó ti ń dani ni owó àfihàn. Láti oṣù Kọkànlá 2025, ẹni tí kò lọ sí London gbọ́dọ̀ fi 1,171 pọ́n-ùn hàn fún oṣù kan, lọ́nà oṣù mẹ́sàn-án: 10,539, yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé tó kù. Owó náà gbọ́dọ̀ sùn sínú àkáǹtì fún 28 ọjọ́ láì dín sí iye yẹn ní ọjọ́ kankan, ìwé báńkì náà ò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ kí wọ́n tó fi wá físà. Àkáǹtì ara rẹ̀, ti òbí tàbí ti ọkọ tàbí aya ni wọ́n ń gbà. Ti ẹ̀gbọ́n ò wúlò, bó ti wù kí ẹ̀gbọ́n lówó tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń já. Àwọn kan máa ń yá owó gbé síbẹ̀ fún oṣù kan, kí wọ́n dá a padà pẹ̀lú èlé. Ìyẹn á gba físà, kò ní gba oúnjẹ. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́; ní 12.21 pọ́n-ùn tí òfin là sílẹ̀ ní 2025, ó jẹ́ 244 lọ́sẹ̀. Kò lè san owó ilé-ìwé tó kù. Ẹni tó bá sì lọ tẹ ìwé báńkì ayédèrú, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi kọ̀ ọ́ ní físà.

Gbèsè yìí máa ń já lé ẹlòmíràn lórí. Láàárín olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ifẹ̀ àti Ilésà, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni báńkì jápa. Ẹgbẹ́ sábà máa ń yáni ní ìlọ́po méjì owó téèyàn ti fi pamọ́, pẹ̀lú onídùúró méjì. Ẹni tó ní 600,000 níbẹ̀ á yá mílíọ̀nù kan àti 200,000, láti san 50,000 lóṣù fún oṣù 24. Ó san ti oṣù mẹ́ta, ó wọ bàálù. Ó ku 1,050,000. Ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ lé 600,000 tirẹ̀. 450,000 tó ṣẹ́ kù, wọ́n á pín in sórí onídùúró méjèèjì, 225,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa gé e nínú owó oṣù wọn. Onídùúró tó bá gbọ́n á béèrè iye tí ayáwó ti fi pamọ́ kó tó fọwọ́ síwèé, torí bí àlàfo tó wà láàárín owó ìpamọ́ àti owó yíyá bá ṣe fẹ̀ tó ni gbèsè tirẹ̀ ṣe máa tó.

Ti ilẹ̀ Lárúbáwá burú ju èyí lọ, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti yé. Àwọn obìnrin tó ń lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Oman tàbí Lẹ́bánónì kì í sábà san owó kankan níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ ló san án fún àwọn ejẹ́ńtì. Lójú irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ó ti rà á ná. Ìwé tí wọ́n kà fún un nílé, bó bá débẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn lédè Lárúbáwá síwájú rẹ̀, owó á dín, ọdún méjì á wà níbẹ̀, ìwé ìrìnnà rẹ̀ á wọ dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Bó bá ní òun ń lọ, wọ́n á ní kó san owó tí wọ́n fi mú un wá. Ní oṣù Kẹrin 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé ọmọ Nàìjíríà kan sórí Facebook pé òun ń tà á ní 1,000 dọ́là. Àṣírí tú ni, ìrònú tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ejẹ́ńtì tó bá ń kó òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́; bí kò bá lè mú un jáde, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003, ló yẹ kí ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ ya fọ́tò ojú ewé ìwé ìrìnnà àti ti àdéhùn rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì nílé, kó sì há nọ́ńbà fóònù kan sórí, torí fóònù ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà.

A kì í sì í sọ ọ́, Ìjẹ̀ṣà náà ń gba òṣìṣẹ́ àjèjì. Ẹ lọ sí oko kòkó, ẹ ó bá ọ̀dọ́kùnrin láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò níbẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà wọ́n láyè láti wọlé fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Ẹnì kan á kó wọn wá, á san owó ọkọ̀ wọn, á pín wọn fún àwọn olóko. Wọ́n á ro oko, wọ́n á já kòkó, olóko á máa bọ́ wọn, tí ọdún bá yípo, á ra alùpùpù tuntun fún wọn, wọ́n á gùn ún lọ sílé. Kò sí ìwé kankan. Bí ìjà bá wáyé ní oṣù kẹwàá, tí olóko ní kó máa lọ, iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá wọgbó nìyẹn, ẹni tó kó o wá á sì tún ní kó dá owó ọkọ̀ òun padà. Àwọn kan nínú wọn ò tíì pé ọdún 18, iyẹn sì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó ti di fífi ọmọ ṣòwò. Gbogbo ohun tí a ń bínú sí lára ọ̀gá Lẹ́bánónì wà nínú oko wa: owó ìparí ọdún, àìsí ìwé, gbèsè owó ọ̀nà. Kò sì ní ná olóko ní nǹkan kan bó bá ń fi ìdá kan nínú owó náà pamọ́ lóṣooṣù sí ọwọ́ ẹni tí àwọn méjèèjì gbà.

Èrè àjò kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí 20 bílíọ̀nù dọ́là ni Báńkì Àgbáyé kà pé àwọn ará wa fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà ní 2023. Owó yẹn ló ń san owó ilé-ìwé, òun ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, ẹ má wo owó iṣẹ́ tí áàpù ń gbà nìkan, ẹ wo iye náírà tó máa bọ́ sílẹ̀, torí inú ìṣẹ́wó ni wọ́n ń fi èrè wọn pamọ́ sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 sì ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa san án ní náírà fún ẹni tó ń gbà á.

Ilé kíkọ́ ló ń jẹ owó yìí jù. Àpò sìmẹ́ǹtì kan kì í mú ju búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án 30 sí 35 lọ bó bá máa lágbára. Búlọ́ọ̀kù 2,000, nígbà náà, gba àpò 57 sí 67. Bí wọ́n bá ní 100 ló lọ, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti jẹ 33. Bí wọ́n bá ní 40 ló tó, tí ẹ sì ń yọ̀ pé àbúrò mọ owó ná, ògiri yẹn á máa wó bí òjò bá lù ú. Kí owó lọ tààrà sí àkáǹtì ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Kí ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ní owó oṣù tirẹ̀ tí a mọ̀, kó má baà máa bù ú nínú yanrìn.

Owó tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde kì í dé ilé kan náà. Dókítà Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ ní oṣù Kẹrin 2025 pé dókítà tó lé ní 16,000 ti lọ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé kíkọ́ ẹyọ kan lé ní 21,000 dọ́là. Aláìsàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ilésà, bí kò bá lọ́mọ lókè òkun, kò rí nínú bílíọ̀nù 20 yẹn, ṣùgbọ́n òun náà ni dókítà rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejì 2024, àjọ àwọn nọ́ọ̀sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìjẹ́rìísí kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé. Ó dá wọn dúró díẹ̀, kò fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù wọn. Ẹni tí a so mọ́lẹ̀ á kàn máa ka ọjọ́ ni.

Ó ku ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ padà sílé. Ọdún márùn-ún ni àwọn tó ní físà iṣẹ́ ti ń retí kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ ìgbélé ní Ìlú Ọba. Ní oṣù Karùn-ún 2025 ni ìjọba ibẹ̀ kéde pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba wọn gba ó kéré tán ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti gé owó ìdánilójú lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ọdún 35 ló sì ń mú un pé. Ẹni tó bá ti wálé lè máa gbà á ní Ilésà. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí àdéhùn lórí rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, iye pọ́n-ùn tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní Nàìjíríà ni yóò máa gbà lọ, wọn ò ní fi kún un lọ́dọọdún bí wọ́n ti ń fi kún ti àwọn tó dúró sọ́hùn-ún. Títí di oṣù Kẹrin 2026, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án péré lè fi owó ara rẹ̀ ra ọdún kẹwàá, kódà láti ilé; wọ́n ti mú un le láti ìgbà náà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè bóyá ó ṣì lè rà á kó tó ti àkáǹtì báńkì ibẹ̀ pa.